Ọjọ́ mélòó ni ibà ń lò? Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn n'Ìbàdàn

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan n'Ìbàdàn, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kí aago mẹ́jọ tó lù, bẹ́ǹṣì wa ti kún: ìyá pọn ọmọ, ìyá àgbà gbé filáàsì ẹ̀kọ dání, ọmọ ń ké. Ìbéèrè tí gbogbo wọn ń bi mí kò ju ọ̀kan lọ: "Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo ni ara ọmọ yìí máa wálẹ̀?" Èmi náà ní ìbéèrè tèmi, òun ni mo sì máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n kí n tó fọwọ́ kan ọmọ rárá: "Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, aago mélòó sì ni?" Àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní iye ọjọ́ tirẹ̀, ẹni tó bá sì ka ọjọ́ náà dáadáa ti bá dókítà ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ìgbà wo ni a lè pe ara gbígbóná ní ibà?

Bí tẹmómítà bá fi 38 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibà ni. Láàárín 36.5 sí 37.5, ara àlàáfíà ni. Ẹ̀yìn ọwọ́ tí ẹ ń gbé lé ọmọ níwájú orí kì í parọ́ pátápátá, àmọ́ kò mọ nọ́ńbà. Wọ́n ti gbé ọmọ wá bá mi rí lọ́sàn-án oṣù kẹta, tòun ti fìlà onírun, tòun ti súwẹ́tà, ìyá sì tún fi ọ̀já dì í mọ́ ẹ̀yìn pinpin. A tú ẹrù ara rẹ̀ sílẹ̀, a jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀, 37.2 ni. Ooru aṣọ ni.

Ohun kan tún wà tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú. Lédè wa, ara gbígbóná ni ibà, àìsàn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri náà ni ibà. Ẹni tó bá ti ní "ibà ń ṣe mí" ti yan oògùn tán kó tó dé kẹ́míìsì. Nínú ìdáhùn mi yìí, ara gbígbóná ni mò ń pè ní ibà. Ti ẹ̀fọn, maláríà ni màá pè é.

Báwo ni kí n ṣe máa ka ọjọ́?

Ìṣirò àwa Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọn. Ọjà tí a ń ná lọ́rọọrún, ọjọ́ mẹ́rin péré ni kó tó yí padà, ṣùgbọ́n a ka ọjọ́ ọjà méjèèjì pọ̀, ó di márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni "láti ìjẹta ni". Lẹ́nu ìyá, ọjọ́ mẹ́ta ti pé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ ìjẹta ló bẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ wa ní aago mẹ́jọ àárọ̀ òní, wákàtí mẹ́rìndínlógójì péré ni. Dókítà ń ka wákàtí, ìyá ń ka ọjọ́. Ibi tí wọn ò ti gbọ́ra wọn yé yìí ni wọ́n ti máa ń pààrọ̀ oògùn tí kò tíì ṣiṣẹ́ tán.

Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà ló jẹ́ kí n mọ bó ṣe rọrùn tó. Ẹ̀yìn káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pẹ̀lú báírò: "Sọ́ńdè 9 alẹ́, 38.6. Mọ́ńdè 6 àárọ̀, 37.9, ó mu ẹ̀kọ. Mọ́ńdè 4 ìrọ̀lẹ́, 39.1, mo fún un ní parasitamọ́, ó bì í." Ìlà mọ́kànlá ló kọ. Dókítà kà á lórí ìdúró, ìbéèrè méjì péré ló tún bi í.

Ẹ má sì tíì ní ibà ti lọ, àfi tí odindi ọjọ́ kan bá kọjá tí ara kò gbóná, láìlo parasitamọ́.

Ọ̀fìnkìn àti ikọ́ ni. Ọjọ́ mélòó ni ibà tirẹ̀?

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn ọjọ́ kan ṣoṣo. Èyí tó le jù ú lọ ni fulú: lójijì ló ń dé, orí á máa fọ́ni, gbogbo oríkèé á máa roni, ibà rẹ̀ sì máa ń lò tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ikọ́ lè dúró tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ibà ti lọ. Ìyẹn kì í ṣe àmì pé àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ìdí láti lọ ra antibáyótíìkì. Fáírọ́ọ̀sì ló fà á, antibáyótíìkì kò sì ríran rí fáírọ́ọ̀sì.

Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni ibà tó lọ, tó sinmi ọjọ́ kan tàbí méjì, tó tún padà dé. Ẹ yẹ etí wò, ẹ yẹ àyà wò.

Tí maláríà bá ni ńkọ́?

Kí n kọ́kọ́ dá ẹ̀fọn kan láre: èyí tó jẹ ọmọ yín lóru àná kọ́ ló fa ibà òwúrọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí ẹ̀fọn tó ní kòkòrò náà bá jẹni, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ara tó gbóná.

Ẹ lè ti gbọ́ pé ibà maláríà máa ń wá, á lọ, á tún padà wá lọ́túnla. Irú maláríà tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní falciparum, kì í sábà tẹ̀ lé ètò kankan. Ó lè gbóná láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀, ẹ má retí pé yóò ní ọjọ́ tí yóò parí fúnra rẹ̀ lára ọmọdé, nítorí pé ó lè le lọ́wọ́ kan láàárín ọjọ́ kan sí méjì: ọmọ kò ní lè jókòó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á funfun, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú bíi kóòkì. Nítorí náà ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọjọ́ kìn-ín-ní ni kí ẹ ti gbé e wá fún àyẹ̀wò. A gún un níka, ẹ̀jẹ̀ kán tó, kí ìṣẹ́jú ogún tó pé ẹ ti gbọ́ èsì.

Tí èsì bá sọ pé maláríà ni, tí ẹ sì lo oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, ibà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ó lè fà á dé ọjọ́ kẹta.

Mo ti lo oògùn maláríà fún ọjọ́ méjì, ara ṣì ń gbóná. Ṣé kí n pààrọ̀ ẹ̀?

Ẹ má pààrọ̀ ẹ̀. Ìbéèrè yìí ni mo máa ń dáhùn jù lóṣù kẹfà sí ìkẹwàá.

Oògùn tí a ń lò jù, artemether-lumefantrine, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a ń lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èkejì yóò tẹ̀ lé àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ó di àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méjì tó kù. Wákàtí mẹ́jọ yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Wọ́n á lo àkọ́kọ́ lálẹ́, wọ́n á sùn, ó di àárọ̀. Ohun kejì tí wọ́n tún ń fò ni oúnjẹ: oògùn yìí ń fẹ́ ọ̀rá kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kọ tòun ti àkàrà tó mu epo dára, wàrà dára, ọyàn ìyá pàápàá dára. Omi lásán kò tó. Tí ọmọ bá bì í kí wákàtí kan tó pé, ẹ fún un ní òmíràn. Tó bá tún bì í, ẹ gbé e wá, abẹ́rẹ́ ló kàn.

Tí ẹ bá wá ṣe gbogbo èyí tán, tí ọjọ́ mẹ́ta pé tí ibà ò lọ, ẹ padà wá. A máa wádìí ohun mìíràn tó lè wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ ra páálí kejì.

Ara ti yá, ṣùgbọ́n mo tún tẹ́ẹ̀sì ọmọ, wọ́n ní maláríà ṣì wà.

Tẹ́ẹ̀sì oníkíá yẹn lè máa fi ìlà méjì hàn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Pàǹtí rẹ̀ ló ń rí. Ọmọ tó ń sáré kiri inú ọgbà kò nílò oògùn nítorí ìlà.

Ṣé òótọ́ ni pé maláríà àti táífọ́ọ̀dù jọ máa ń rìn ni?

N'Ìbàdàn, a ń pe méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń pe gbẹ̀gìrì mọ́ ewédú. Inú abọ́ ni àbùlà ti dùn. Wọ́n lè jọ wà lára ẹnì kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ tó bí ìwé lábù ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ wo bí táífọ́ọ̀dù ṣe ń rìn. Omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn ló ń gbé e wọlé: kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi omi ọ̀gbàrá fọ̀. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó farahàn. Ibà rẹ̀ ń gùnkè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, ìrọ̀lẹ́ òní á ga ju ìrọ̀lẹ́ àná lọ, títí yóò fi dé 39 tàbí 40 ní ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Orí á máa fọ́ni, inú á máa roni, ẹnu kò ní gba oúnjẹ. Tí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ibà náà lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló léwu jù, nítorí nígbà náà ni ìfun lè lu, tí ọ̀rọ̀ á sì di ti iṣẹ́ abẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọjọ́ dá ẹjọ́. Ara yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láàárọ̀ òní, ẹ lọ sí lábù lọ́sàn-án, wọ́n ṣe Widal, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Ohun tí Widal ń wò ni ọmọ ogun tí ara kó jáde láti bá kòkòrò náà jà, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó pọ̀ tó ohun tí tẹ́ẹ̀sì lè rí. Kí ni wọ́n wá rí ní ọjọ́ kìn-ín-ní? Ó lè jẹ́ ti àìsàn tí ẹ ṣe lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ó lè jẹ́ ti kòkòrò mìíràn tó jọ ọ́. Àyẹ̀wò tó fi ọkàn balẹ̀ ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n gbìn ín sí lábù, kí ẹ tó lo antibáyótíìkì kankan. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni èsì rẹ̀ ń gbà, owó rẹ̀ sì ju ti Widal lọ. Mo mọ̀ pé ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ṣe é.

Tó bá jẹ́ táífọ́ọ̀dù lóòótọ́, oògùn tó tọ́ pàápàá kì í lé ibà lọ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni, nígbà mìíràn ó ń tó ọ̀sẹ̀ kan. Tí ara bá sì ti wálẹ̀, ẹ lo oògùn tó kù tán.

Ìta, èyí tí òyìnbó ń pè ní measles, ńkọ́? Àwọn àgbà ní ẹ kò gbọdọ̀ fún un ní abẹ́rẹ́ kó má baà wọnú lọ.

Èyí ká mi lára. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni àkọ́bí mi nígbà náà, ó ku oṣù kan kó gba abẹ́rẹ́ ìta. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, imú ń ṣàn. Èmi nọ́ọ̀sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ládùúgbò wa, wọ́n ní maláríà àti táífọ́ọ̀dù, wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, mò ń fi táwẹ́lì tútù nu ẹ̀yìn etí rẹ̀, mo rí i: ara tó sú wínníwínní pupa, láti ìlà irun wá sílẹ̀. Mo ti kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́, mo ti dáhùn rẹ̀ nínú ìdánwò, síbẹ̀ ojú ìyá ni mo fi ń wò ó láti ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

Bó ṣe ń rìn nìyí. Ibà, ikọ́ àti ojú pípọ́n ló ń ṣáájú, fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni ara á sú, láti ojú sí àyà sí ẹsẹ̀, ibà á sì tún ga sí i. Nígbà tó bá tó ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tí ara ti sú, ibà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Tí kò bá lọ nígbà náà, tàbí tó lọ tó tún padà, òtútù àyà tàbí etí ló kù kí ẹ máa fura sí. Ohun tí àwọn àgbà ń pè ní kí ìta wọnú lọ, mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i: wọ́n rí i pé ara ti ń gbẹ, ọmọ sì wá ń kú lọ. Ojú wọn ríran dáadáa, ohun tó fà á ni wọn ò mọ̀. Ẹ fún ọmọ ní oúnjẹ, ẹyin pàápàá, ẹ sì gbé e wá gba fítámì A. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ni abẹ́rẹ́ ìta.

Ẹ má fi ìta pe àìsàn ọmọ kékeré kan tó jọ ọ́: ara á gbóná janjan fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà tí ara wálẹ̀ yẹn ni ara á tó sú. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì ló ń ṣe jù, kò sì nílò oògùn.

Ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ara rẹ̀ gbóná.

Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá: ibà máa ń dé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, á sì lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Abẹ́rẹ́ ìta yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn rẹ̀ ni ibà tirẹ̀ ń yọjú, nígbà tí gbogbo ilé ti gbàgbé pé ọmọ gba abẹ́rẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn káàdì. Síbẹ̀, tó bá kọjá ọjọ́ méjì, ẹ má dá abẹ́rẹ́ lẹ́bi mọ́.

Eyín ló ń hù ni.

Eyín kì í mú ara dé 38.

Kò wúkọ́, imú rẹ̀ kò ṣàn, maláríà kò sí, síbẹ̀ ara ń gbóná.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtọ̀ wò, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọbìnrin. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ kò lè ní òun ń jẹ̀rora tí òun bá ń tọ̀. Antibáyótíìkì tó bá a mu máa ń lé ibà yìí lọ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ikọ́ ti di òtútù àyà?

Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè nígbà tí kò ké, ẹ wo aago, ẹ ka iye ìgbà tí inú rẹ̀ gòkè láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì: 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti yá jù. Láti oṣù méjì títí dé ọdún kan: 50. Láti ọdún kan dé márùn-ún: 40. Tí abẹ́ ìhà bá tún ń wọlé bó ṣe ń mí, ẹ má kà á dé ìparí, ẹ gbé e. Pẹ̀lú oògùn, ibà òtútù àyà yẹ kó máa lọ ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ikọ́ á kẹ́yìn.

Tí mo bá fún un ní parasitamọ́, ara á tutù, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ó tún gbóná. Ṣé oògùn ayédèrú ni?

Kì í ṣe ayédèrú. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí ni. Parasitamọ́ ń mú kí ara rọ ọmọ, kí ó lè mumi, kí ó lè sùn. Kì í dín ọjọ́ àìsàn kù ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìwọ̀n rẹ̀ ni mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọjọ́ kan. Ọmọ kílò mẹ́wàá, ṣíbí mílílítà márùn-ún tí mílígíráàmù 120 tàbí 125 wà nínú rẹ̀ ti tó o. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò: èyí tó ń kán tótó fún ọmọ ọwọ́ lè le ju ti inú ìgò ńlá lọ ní ìlọ́po bíi mélòó kan. Aspirin kì í ṣe ti ọmọdé.

Gìrì mú un nígbà tí ara gbóná.

Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo aago. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí iná. Àgbo ìtọ̀ màálù tí wọ́n fi ewé tábà sí, ẹ dà á nù: ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ọmọ tí gìrì ti fi sílẹ̀ á wá sùn lọ láìjí. Gìrì tí ibà ń fà kì í sábà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, láàárín ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni, ọjọ́ kìn-ín-ní ibà ló sì sábà ń jẹ́. Bó ti wù kó mọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e wá, nítorí pé maláríà tó le àti àìsàn ọpọlọ máa ń fi gìrì bẹ̀rẹ̀.

Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí ara àgbàlagbà kan nílé wa ti ń gbóná nírọ̀lẹ́.

Tó bá ń wúkọ́, tó ń rù, tí òógùn ń wẹ̀ ẹ́ lóru, ẹ lọ yẹ ikọ́ ife wò. Ibà rẹ̀ kì í ga, ó kàn ń bọ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, oṣù mẹ́fà ni, ibà sì sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ yẹ HIV wò pẹ̀lú.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí lọ́tọ̀ ni ibà tó gba oògùn maláríà tí kò lọ, tó gba antibáyótíìkì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí kò lọ, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí aláìsàn sì ti Ọ̀wọ̀ tàbí Ẹ̀dó dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí tí eku pọ̀ nílé. Lásà lè ni. Eku tó tọ̀ sí gàrí ló ń gbé e wọlé. Ẹ má máa gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti kẹ́míìsì dé kẹ́míìsì. Ẹ pe 6232, nọ́ńbà NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni.

Ta ni kò gbọdọ̀ dúró ka ọjọ́ rárá?

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Aboyún. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ gan, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí òróró, tí ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tí a pè tí kò dáhùn. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè dúró dé ọjọ́ kejì, kó sì ṣe àyẹ̀wò.

Bó bá jẹ́ òru ńkọ́?

UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, kì í ti ilẹ̀kùn pàjáwìrì. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ dání, ẹ mú páálí gbogbo oògùn tó ti lò, èyí tó ti tán pàápàá. Tó bá mu àgbo, ẹ mú ìgò náà wá. Mi ò ní bá yín jà, orúkọ ewé inú rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀.